Bí ẹ ṣe lè fi ìdíje bọ́ọ̀lù mú oríṣìíríṣìí ẹ̀yà rẹ́ ní àdúgbò yín

Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìlú ẹ̀yà kan ṣoṣo. Àwọn Háúsá ti wà ní Sábó kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn Fúlàní wà ní gáà káàkiri ẹ̀yìn ìlú, àwọn obìnrin wọn ló ń gbé wàrà wọ̀lú fún wa. Àwọn Íbò ń ta páàtì mọ́tò àti oògùn. Àwọn Ìgèdè, Tífì àti Àgátù ló ń bá àwọn àgbẹ̀ wa kọ ebè lápá ìjọba ìbílẹ̀ Oríire àti Súúrùlérè. Ti LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, ò tiẹ̀ ṣeé sọ tán: láti 1990 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni àwọn ọmọ láti ìpínlẹ̀ lóríṣìíríṣìí ti ń wá háyà yàrá ní Under G. Síbẹ̀, ọmọ lè dàgbà ní Òkèlérin kó má mọ orúkọ ọmọ Sábó kan ṣoṣo. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ló ń gbá sẹ́tì, ṣùgbọ́n kálukú ní igun tirẹ̀.

Ó yẹ kí èyí dun àwa ju ẹlòmíì lọ, torí a mọ bí ó ṣe máa ń rí lára àlejò. Ní 1969 tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù wọn, ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń ṣòwò ní Tamale àti àwọn ìlú mìíràn ló fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọn ò rí gbà sílẹ̀ wálé. Àwọn tó padà dé nígbà náà bí ọmọ, àwọn ọmọ wọn sì wà láàárín wa lónìí.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣètò ìdíje kékeré ní àdúgbò: ẹgbẹ́ onílé, ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, olùkọ́, tàbí ẹni kan ṣoṣo tó nítara. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀yà kan kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ láti bá ẹ̀yà kejì gbá bọ́ọ̀lù. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni kí ẹ ti pò wọ́n pọ̀.

Ìdí tí ìdíje "Yorùbá àti Háúsá" kò fi dáa

Òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn. Ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ á rò pé àlàáfíà lòun ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìdíje nìkan kì í mú èèyàn rẹ́, ó lè dá ọ̀tá sílẹ̀ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ní 1954, Muzafer Sherif, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, kó ọmọkùnrin 22 lọ sí ibùdó kan tó ń jẹ́ Robbers Cave ní Oklahoma, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ náà jọra, ilé tí wọ́n ti wá ò yàtọ̀ síra. Ó pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì, ó ní kí wọ́n máa bá ara wọn díje nínú eré bíi baseball àti fífa okùn. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n ti ń bú ara wọn, wọ́n ń dáná sun àsíá ara wọn, wọ́n ń já wọ ibùsùn ara wọn lóru. Ó kó wọn jọ kí wọ́n jọ jẹun, oúnjẹ ni wọ́n sọ lu ara wọn. Ohun tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe ni iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ kan ò lè dá ṣe: omi ibùdó dá, gbogbo wọn jọ wá ibi tó ti dí, ọkọ̀ tó fẹ́ lọ gbé oúnjẹ kọ̀, kò ṣíná. Okùn tí wọ́n fi ń fa ara wọn ṣubú ni wọ́n fi jọ fa ọkọ̀ náà.

Ẹ wá wo ilé tiwa. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní March 1980, Nàìjíríà gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Èkó. Christian Chukwu, ọmọ Íbò, ni kápítẹ̀nì. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal fi ẹ̀kẹta kún un, Algeria kò rí ọ̀kan san. Ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Irú rẹ̀ ni ká ṣe ní kékeré.

Ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà

Kí ẹ tó ra bọ́ọ̀lù, ẹ dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tàbí mógàjí àdúgbò, Séríkí Háúsá ní Sábó, olórí gáà, olórí àwọn Íbò, àti ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ oko ń tẹ̀ lé. Ẹ má fi fóònù ṣe é. Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ, ẹ bọ́ bàtà níbi tó yẹ, ẹ jókòó. Ẹ ṣàlàyé pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, pé ẹ ò wá gba owó, pé àwọn ọmọ wọn lẹ fẹ́. Kí ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ wọn: ọjọ́ tí àwọn ọmọ wọn ráyè, ẹni kan tí yóò dúró fún wọn nínú ìgbìmọ̀, àti ohun tó bá ń kọ wọ́n lóminú.

Ìbéèrè kẹta yẹn ni kí ẹ farabalẹ̀ gbọ́. Bàbá kan lè ní òun ò fẹ́ kí ọmọ òun dé ibi tí wọ́n ti ń mu ọtí. Òmíì lè ní nǹkan sọ nù ní àdúgbò lọ́jọ́ kan, ọmọ gáà ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ẹ má jiyàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì wá ojútùú sí i kí ẹ tó padà lọ.

Ìgbìmọ̀ ẹni méje tó. Kí obìnrin má dín ní méjì níbẹ̀, torí ìyá ló máa ń sọ bóyá ọmọ á jáde nílé tàbí kò ní jáde.

Owó

Ohun tí ẹ nílò ò pọ̀: bọ́ọ̀lù méjì tó dáa, ẹ̀wù tínrín aláwọ̀ tí wọ́n máa ń wọ̀ lé ẹ̀wù, fèrè, káàdì, ẹfun láti fi sàmì pápá, omi, owó rẹfirí, ife kékeré. Kí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan dá iye kan náà, kí ó kéré tó iye tí ọmọ lébìrà lè san. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́, kí ó fún yín ní nǹkan: báàgì píọ̀ wọ́tà, yìnyín, ẹfun. Ẹ má gba owó olóṣèlú, pàápàá tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé. Bí fọ́tò ẹnì kan bá ti lè wà lára jẹ́sì, ìdíje náà ti di tirẹ̀, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á sì kó ọmọ wọn kúrò.

Ọjọ́, aago àti pápá

Ibi tí ètò púpọ̀ ti ń dàrú nìyí, láìsí ẹni tó ní i lọ́kàn láti ṣèkà. Ẹ gbé eré sí ọ̀sán Jímọ̀, ẹ ti lé Mùsùlùmí. Ẹ gbé e sí òwúrọ̀ Sunday, ẹ ti lé Kristẹni. Ẹ gbé e sí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn Ìgèdè àti Tífì wà lóko láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn ọmọ gáà ní tiwọn ń da màlúù, wọn kì í tètè dé.

Ìmọ̀ràn mi ni ìrọ̀lẹ́ Sunday, láàárín January sí March, lẹ́yìn tí iṣẹ́ oko ti fúyẹ́. Kí ẹ wo kàlẹ́ńdà dáadáa, torí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń fi bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún, ó sì lè bọ́ sáàárín oṣù wọ̀nyẹn. Kí fèrè àkọ́kọ́ fún eré àwọn ọkùnrin dún ní aago mẹ́rin ààbọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì, kí gbogbo rẹ̀ parí ní aago mẹ́fà ààbọ̀, kí Mọ̀gàríbì tó tó. Eré ìṣẹ́jú 15 sí apá kan àti 15 sí apá kejì, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, ń fún yín láyè eré mẹ́ta láàárín wákàtí méjì. Ẹgbẹ́ mẹ́fà tí kálukú bá gbogbo ìyókù gbá jẹ́ eré 15, Sunday márùn-ún ló máa gbà.

Fún pápá, ilé ìwé ló dáa jù. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé, kí ẹ sì fi orúkọ ẹni tí yóò gbá ilẹ̀ lẹ́yìn eré sínú rẹ̀. Kí pápá má wà ní àárín gbùngbùn ẹ̀yà kan. Bó bá jẹ́ pé inú Sábó gan-an ni, àwọn kan á máa ṣe bí àlejò; bó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé baálẹ̀, àwọn mìíràn á ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Bí a ṣe ń pín ẹgbẹ́

Ẹ fara balẹ̀ síbí, ibí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹ má ṣe fi pípín sílẹ̀ fún àwọn kápítẹ̀nì láti máa mú èèyàn ní ìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n á mú, ọmọ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ló máa ń gbẹ̀yìn, ojú gbogbo ayé ni wọ́n sì ti máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ. Ká ní èèyàn 60 ló forúkọ sílẹ̀: Yorùbá 30, Háúsá 12, Íbò 8, Ìgèdè 6, Fúlàní 4. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ni yóò jẹ́, ẹni mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méje á wà lórí pápá, mẹ́ta á dúró de pààrọ̀. Ẹ wá igbá márùn-ún, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú igbá tirẹ̀, kí orúkọ kálukú wà lórí bébà kékeré tí ẹ ká. Ọmọdé kan ni kí ó máa mú un lójú gbogbo èèyàn. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba Yorùbá márùn-ún àti Háúsá méjì. Ó ku ààyè mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Níbí, ẹ má pín Fúlàní mẹ́rin náà káàkiri ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ọmọ tó ti gáà wá, tí Yorùbá ò tíì dá lẹ́nu rẹ̀, tó wá jẹ́ òun nìkan láàárín ẹni mẹ́sàn-án, kò ní sọ̀rọ̀, kò sì ní padà wá. Ẹ fi méjì sí ẹgbẹ́ kìíní, méjì sí ìkejì. Ẹ ṣe bákan náà fún Ìgèdè: méjì-méjì sí ìkẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Àwọn Íbò tí wọ́n bí síbí, Yorùbá wọn já geere, wọn lè dá wà: ọ̀kan sí ẹgbẹ́ kìíní títí dé ìkarùn-ún, mẹ́ta sí ìkẹfà. Ẹ ṣírò rẹ̀, mẹ́wàá-mẹ́wàá ló máa pé. Bí gólì (aṣọ́lé) méjì bá bọ́ sínú ẹgbẹ́ kan, ẹ fi ọ̀kan pààrọ̀ ẹlòmíì tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ìṣirò má bàjẹ́.

Orúkọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ẹ̀yà tàbí ti àdúgbò. Ẹ fi orúkọ igi jẹ wọ́n: Ìrókò, Ọdán, Àràbà, Ọ̀pẹ, Àfọ̀n, àti Àjàgbọn tó jẹ́ igi ìtàn ìlú wa. Àwọ̀ ẹ̀wù náà, ẹ rí i pé kò jọ ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan.

Ẹ fún wọn níṣẹ́ kí ẹ tó fún wọn ní bọ́ọ̀lù

Ẹ rántí okùn tí àwọn ọmọ Robbers Cave fi jọ fa ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá sí pápá pẹ̀lú àdá àti ọkọ́. Kí Ìrókò àti Ọdán ro koríko, kí Àràbà àti Ọ̀pẹ ri òpó góòlù, kí àwọn yòókù di kòtò, kí wọ́n fa ẹfun. Ẹni tó bá ti bá ẹnì kan di orí kejì òpó kan náà mú, tí èkejì ń sọ pé "sọ ọ́ sọ́tùn-ún díẹ̀", ti mọ orúkọ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n á máa ké lórí pápá. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí tí wọn ò bá ṣe é: bọ́ọ̀lù lọ sókè, gólì sá jáde, ó ké pé "Fi í sílẹ̀!", ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá fò sókè pẹ̀lú rẹ̀, orí lu èjìká, bọ́ọ̀lù sì rọra yí wọ inú àwọ̀n. Kíá, wọ́n ti dojú ìbínú kọ ọmọ náà, ẹnì kan á sì ti fi ẹ̀yà rẹ̀ pè é. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni ẹ nílò: ọ̀kan fún "tèmi ni", ọ̀kan fún "ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ", "gbé e wá", "gbá a lọ", "padà". Kí ọ̀kan jẹ́ Yorùbá, kí ọ̀kan jẹ́ Háúsá, kí ìyókù wá láti inú pijín tàbí èdè ẹlòmíì. Kí wọ́n jọ ké e títí á fi mọ́ wọn lẹ́nu. Inú ọmọ kì í lè ṣàì dùn nígbà tó bá gbọ́ tí gólì Yorùbá ń fi èdè ìyá rẹ̀ pè é.

Òfin tí kò gbọdọ̀ yẹ̀

Ẹ kà á sétí gbogbo wọn kí fèrè tó dún:

- Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà pe ẹnìkejì. "Mọ̀lá", "Àbókí", "kòbòkòbò", "ofe mmanu", "yàmírì" àti irú wọn jẹ́ káàdì pupa lójú ẹsẹ̀, àní bí ẹni tó sọ ọ́ bá ní àwàdà ni. Kí ẹ̀yìn àwọ̀n náà gbọ́ o: bí olùwòran bá sọ ọ́, eré dúró títí ẹni náà á fi kúrò.
- Gbogbo ẹni mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ gbá ó kéré tán apá kan eré. Kò sí ẹni tí yóò kàn máa mú omi ká.
- Kò sí tẹ́tẹ́. Níbi tí owó bá ti wà lórí èsì, ọ̀rọ̀ rẹfirí á di ọ̀rọ̀ ìjà.
- Kápítẹ̀nì nìkan ló lè bá rẹfirí sọ̀rọ̀. Kí kápítẹ̀nì máa yí ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti ẹ̀yà kan sí òmíràn.

Rẹfirí gbọ́dọ̀ wá láti ìta àdúgbò. Ẹ san owó rẹ̀ kó tó wọ pápá, kí ẹnikẹ́ni má rí i pé ó ń dúró de owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan.

Lọ́jọ́ eré

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé dé. Ooru February kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mu omi kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àti nígbà ìsinmi. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá rọ́, ẹ gbé e kúrò, ẹ fi aṣọ wé yìnyín kí ẹ fi lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ fi báńdéèjì dì í, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà ga. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wọ́ ọ tàbí fà á lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí orí rẹ̀ bá gbá nǹkan tí ojú rẹ̀ ṣú, kò tún wọlé mọ́ lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó bẹ̀ tó. Kí ẹnì kan tó ní ọkọ̀ wà níbẹ̀, kó mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn Bowen tàbí ti LAUTECH, èyí tó bá sún mọ́ yín.

Oúnjẹ náà, ẹ wá èyí tí gbogbo ẹnu lè jẹ. Ẹ ní kí àwọn ìyá láti gáà gbé wàrà wá, kí ìyá alákàrà dín tirẹ̀, kí àwọn obìnrin Íbò gbé ọ̀kpà wá, kí àwọn ará Sábó po fúrá. Bí ẹ bá pa ẹran, kí Mùsùlùmí dú u. Ọtí kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Kí ẹgbẹ́ méjì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán jókòó pọ̀ jẹun kí wọ́n tó bọ́ ẹ̀wù.

Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Ẹ fi eré wọn ṣe àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí oòrùn ṣì wà, kí wọ́n lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ wọ híjáàbù kó wọ̀ ọ́. Láti 2014 ni àwọn tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù lágbàáyé ti fọwọ́ sí ìbòrí fún agbábọ́ọ̀lù. Fún àwọn bàbá, ẹ gbé ọpọ́n ayò sábẹ́ igi: ihò 12, ọmọ ayò 48. Kí àwọn bàbá Háúsá náà gbẹ́ ihò dara, eré tiwọn, sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láìpẹ́, ẹnì kan á dìde láti wò ó.

Bí ìjà bá bẹ́

Ó lè bẹ́. Ní February 2021, ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, aáwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láàárín èèyàn díẹ̀ di ìjà Yorùbá àti Háúsá, ẹ̀mí sì ṣòfò. Iṣẹ́ yín ni kí ọ̀rọ̀ ẹni méjì má kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹni méjì.

Ẹ dá eré dúró. Kí kápítẹ̀nì mú ẹni tirẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àgbà láti inú ìgbìmọ̀ tó jẹ́ ẹ̀yà kejì ni yóò bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe èyí tó jẹ́ ti ẹ̀yà rẹ̀. Ẹ pe ìjà náà ní orúkọ ẹgbẹ́, "ẹnì kan nínú Ọdán àti ẹnì kan nínú Àfọ̀n", nígbàkígbà tí ẹ bá ń ròyìn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi fídíò rẹ̀ sórí WhatsApp. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ lọ sílé àwọn méjèèjì, kí wọ́n bá òbí sọ̀rọ̀ kí àròsọ tó débẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ife

Ní Iraq, lẹ́yìn tí wọ́n lé ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISIS lọ, olùwádìí kan, Salma Mousa, ṣètò líìgì bọ́ọ̀lù fún àwọn Kristẹni tí ogun lé kúrò nílé, ó sì fi Mùsùlùmí kún àwọn ẹgbẹ́ kan nínú wọn. Ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2020. Àwọn tó bá Mùsùlùmí gbá nínú ẹgbẹ́ kan náà ló ṣeé ṣe jù pé kí wọ́n ṣì máa bá wọn ṣe ìdánrawò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìyípadà náà kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí tí wọn ò mọ̀ rí, nílé oúnjẹ tàbí níbi àríyá. Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí jẹ́ fún wa. Bọ́ọ̀lù lè fún ọmọ Òkèlérin ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta ní Sábó. Kò ní dá yí ojú tó fi ń wo Sábó padà.

Torí náà, ẹ má tú ẹgbẹ́ ká. Ẹ fi ife ẹ̀yẹ kan pamọ́ fún ọmọlúàbí, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn dìbò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dìbò fún ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀. Kí Ìrókò máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n dá àjọ kékeré, kí wọ́n jọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ẹni tó bá bímọ nínú wọn, ìbáà jẹ́ ní gáà. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti pàdé ẹ̀gbọ́n, bàbá àti aládùúgbò ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọmọ tó dáa jù nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wọ́n ṣe ẹgbẹ́ kan tí yóò lọ bá ìlú mìíràn gbá, Òkò tàbí Ìkòyí-Ilé, pẹ̀lú àwọn òbí nínú bọ́ọ̀sì kan náà.

Kí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gba ife tó parí, ẹ ka ìṣirò owó jáde lójú gbogbo ìgbìmọ̀, títí kan kọ́bọ̀ tó ṣẹ́ kù, kí ẹ dá kọ́kọ́rọ́ ilé ìwé padà, kí ẹ sì mú ọjọ́ tí ẹ máa tún lọ kí àwọn àgbà fún ìdíje tó ń bọ̀.